Ta Ló Di Súwíìṣì Mú? Àwọn Géèmù Tí Mo Fẹ́ràn Jù Lọ́dún 2024

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn èèyàn sọ níbi ìpéjọ àwa tá à ń gbá géèmù ní Abẹ́òkúta, ìparí oṣù Kejìlá 2024. Ọ̀rẹ́ mi kan ló fi fóònù gbà á sílẹ̀, mo wá jókòó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe jáde lẹ́nu mi, mi ò fi bẹ́ẹ̀ tún un ṣe.)

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin ará ẹ̀yìn yẹn, ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ó dáa, ẹ kú ìjókòó lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo kí ẹ̀yin bàbá wa, mo kí ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ tẹ̀lé àwọn ọmọ yín wá, pàápàá Mọ̀mí tó wà níwájú yìí tí wọ́n ti sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé àwọn kàn wá wo ohun tó ń gba oorun lójú ọmọ àwọn ni. Mà, ẹ kú àmójútó. Mo kí ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gbá, mo kí ẹ̀yin àlejò, mo kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá láti FUNAAB tẹ́ ẹ jókòó sínú gósílóò Obantoko kẹ́ ẹ tó débí. Èyí tí mo kí jù ni ẹni tó gbé jẹnẹrétọ̀ wá, torí ká má parọ́, tí kì í bá ṣe tiẹ̀, inú òkùnkùn la ò bá ti máa sọ̀rọ̀ yìí.

Wọ́n ní kí n wá sọ àwọn géèmù tí mo fẹ́ràn jù lọ́dún yìí. Iṣẹ́ tó rọrùn, àbí? Kí n kàn ka orúkọ mélòó kan, kẹ́ ẹ pàtẹ́wọ́, kí n lọ jókòó. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, gbogbo ẹni tó bá ń to géèmù ọdún lẹ́sẹẹsẹ lórí YouTube ló máa ń béèrè pé àwòrán ẹ̀ ńkọ́, ìtàn ẹ̀ ńkọ́, wákàtí mélòó ló gùn. Èmi náà ń béèrè ìyẹn. Àmọ́ èmi tí mò ń gbé Abẹ́òkúta, mo ní ìbéèrè kan tó ṣáájú gbogbo ìyẹn, òun ni mo sì fi to tèmi: ta ló di súwíìṣì ẹ̀ mú? Ṣé èmi ni, àbí ẹlòmíì?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ara mi.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́: súwíìṣì

Géèmù ọkọ̀ kan wà tó ń jẹ́ The Crew. Iléeṣẹ́ Ubisoft ló gbé e jáde, 2014 ni. Wọ́n kó ilẹ̀ Amẹ́ríkà sínú ẹ̀, o lè wa mọ́tò láti etíkun kan dé èkejì, gbogbo ojú ọ̀nà ẹ̀ ló ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àwọn èèyàn fowó wọn rà á. Nígbà tó di ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún yìí, Ubisoft pa server ẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ tí géèmù yẹn gbọ́dọ̀ bá sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó ṣiṣẹ́, ó tán. Kì í ṣe pé o ò lè bá ọ̀rẹ́ ẹ sáré mọ́ nìkan o, ìwọ nìkan gan-an ò lè tan án kó o fi wakọ̀ jẹ́jẹ́ ẹ mọ́, kódà kó jẹ́ pé CD ẹ̀ lo rà. CD wà nínú páálí, páálí wà lórí TV, géèmù ò sí. Ṣé ẹ rí nǹkan?

Ó dun àwọn èèyàn gidi gan-an. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ross Scott, YouTube lòun náà ti ń ṣe fídíò, ó bẹ̀rẹ̀ ìpolongo kan ní oṣù Kẹrin, ó pè é ní Stop Killing Games, ohun tó ń sọ ni pé ẹni tó bá ti ta géèmù fún èèyàn kò gbọdọ̀ tún yọ́ padà wá pa á mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án, gómìnà California buwọ́ lu òfin kan pé ilé ìtajà tó bá ń ta géèmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ là á yé oníbàárà tó bá jẹ́ pé àṣẹ àti máa lò ó lásán ló ń rà. Òfin yẹn ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí Steam, ilé ìtajà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti kọ ọ́ síbi tí èèyàn ti ń sanwó. Ẹ lọ wò ó, ó wà níbẹ̀, lẹ́tà kékeré.

Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ tipẹ́: ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí ò fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣo ni, rẹ́mú-rẹ́mú lohun ẹni ń bá ni mu.

Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín jù lọ́dún yìí ni Concord. Sony ló gbé e jáde, géèmù ìbọn ni, èèyàn márùn-ún kojú èèyàn márùn-ún, dọ́là 40. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ ló jáde. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n pa á. Ẹ kà á lọ́wọ́ yín, ọ̀sẹ̀ méjì! Ìsọmọlórúkọ ẹlòmíì ò tíì tán nílẹ̀. Wọ́n dá owó gbogbo ẹni tó rà á padà, ìyẹn dáa, mo yìn wọ́n fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni láyé yìí tó lè gbá Concord lónìí, kò bá à fẹ́ràn ẹ̀ bí ojú. Nígbà tó sì di ìparí oṣù Kẹwàá, wọ́n ti iléeṣẹ́ tó ṣe é pa.

Ẹ wá sọ fún mi, ta ló yẹ kó mọ ìrora pé kí ẹlòmíì di súwíìṣì mú ju àwa lọ? Àwa tó jẹ́ pé tí iná bá dé, gbogbo àdúgbò lá pariwo "Ap NẸ́PÀ!", àtọmọdé àtàgbà. Oṣù Kẹrin yìí náà ni wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A lọ sí náírà 225 lórí kílówáàtì-wákàtì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ò sí ní Band A ń bá òkùnkùn fà á, ẹni tó wà ní Band A ń bá owó fà á. Kí n wá la gbogbo ìyẹn kọjá, kí n ra dátà, kí n tan géèmù, kí wọ́n sọ fún mi pé server ń sinmi? Rárá o. Lọ́dọ̀ tèmi, géèmù tó bá lè dúró lórí ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ti gba máàkì kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì: ẹ jẹ́ ká wọ ilé géèmù

Mo mọ̀ pé tí mi ò bá dárúkọ FC 25, géèmù bọ́ọ̀lù yẹn, ẹ máa fà mí sọ̀ kalẹ̀ níbí. Ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ló jáde, Jude Bellingham ló wà lára páálí. Àwọn àgbà wa ṣì ń pè é ní FIFA, kò burú, èṣí ló pààrọ̀ orúkọ. Ohun tuntun tí wọ́n fi kún un ni Rush, márùn-ún sí márùn-ún lórí pápá kékeré, kọ̀ǹpútà ló ń ṣọ́ gólì. Ẹni tó bá ti gbá mọ́ńkì póòsì ládùúgbò rí, ara ẹ̀ á ti mọ̀ ọ́n kí ojú ẹ̀ tó mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n ilé géèmù ni FC ti ń dùn, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Èyí tí mo máa ń lọ wà lápá Asero, bẹ́ńṣì onígi, TV méjì, ọ̀kan nínú ẹ̀ ti ní ìlà dúdú tó dúró gbọọrọ láàárín, tí bọ́ọ̀lù bá ti wọnú ìlà yẹn, àwọn méjèèjì tó ń gbá a máa ń dákẹ́ ni, wọ́n á máa retí ibi tó máa yọ sí. Òfin ibẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó bá fìdí rẹmi á sanwó, á dìde. Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, ọmọkùnrin kan tí mi ò rò pé ó tíì jáde JSS 3 ń bá ọkùnrin onírùngbọ̀n kan gbá a. Òmì ni wọ́n wà, ó ku díẹ̀ kó tán, ọmọ yẹn rí pẹnáritì gbà. Ó ti ń wọn ẹsẹ̀ bọ́ọ̀lù báyìí, wọ́n mú iná lọ.

Ariwo! Ọkùnrin yẹn ti fò dìde, ó ní òmì ni, òmì la kọ sílẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má bá òun jiyàn. Ọmọ yẹn ò tiẹ̀ gbójú sókè, páàdì ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jókòó, wọ́n ń fa jẹ́ẹ̀nì." Wọ́n fa jẹ́ẹ̀nì, wọ́n tún un gbá láti ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ yẹn fi gólì mẹ́rin ránṣẹ́ sí bọ̀dá. Bọ̀dá sanwó. Ìyẹn ni mo fi ń sọ pé FC 25 dáa, tí èèyàn méjì bá jókòó ti ara wọn tí kò sí ohun tó ń jẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì láàárín wọn.

Àmọ́ apá kejì ẹ̀ wà, Ultimate Team. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta páàkì fún ẹ, o ò ní mọ agbábọ́ọ̀lù tó wà nínú ẹ̀ àyàfi tó o bá tú u, o lè fi owó gidi rà á, o sì lè bá ẹni tó ò nílò pàdé níbẹ̀. Tí FC tuntun bá sì ti jáde lọ́dún tó ń bọ̀, gbogbo àwọn tó o kó jọ yẹn, ẹ̀yìn lo máa fi wọ́n sí. Mi ò bú ẹni tó ń rà á o. Mo kàn ní èmi ò fi apá yẹn sínú ohun tí mo fẹ́ràn. Ẹ fi páàkì sílẹ̀ níbẹ̀ ná, mo ń padà bọ̀ sórí ẹ̀.

Tekken 8 ńkọ́? Óò, Tekken, géèmù ìjà. Ta ni ò mọ Eddy níbí? Àwa tá a fi Tekken 3 dàgbà, Eddy la fi ń na ẹni tó mọ géèmù jù wá lọ, o kàn máa tẹ ẹsẹ̀ ni ṣáá, Eddy á máa yí po bí òkòtó, ẹni tí ń fi ọpọlọ jà á sọ páàdì mọ́lẹ̀ á ní o ò mọ nǹkan kan. Tekken 8 jáde ní ọjọ́ 26 oṣù Kìíní, èèyàn 32 ló bá a wá, ìjà ibẹ̀ gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n fi ohun kan kún un tí wọ́n ń pè ní Heat tó máa ń jẹ́ kí ẹni tó bá ń ṣíwájú ìjà jèrè ju ẹni tó ń sá lọ. Ó dùn mọ́ mi nínú dọ́ba. Ó ṣẹlẹ̀ pé Eddy ò sí nínú àwọn 32 yẹn. Oṣù Kẹrin ló tó wá, ọ̀tọ̀ lowó ẹ̀. Lẹ́yìn tí gbogbo ayé ti ra géèmù tán ni wọ́n tún ṣí ṣọ́ọ̀bù sínú ẹ̀, aṣọ ni, bàtà ni, owó ni. Wọ́n ní bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́, torí náà mo ṣì fi Tekken 8 sínú tèmi, torí ọkùnrin méjì lè jókòó sílé láìsí dátà kí wọ́n na ara wọn dójú àmì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ipò kìíní. Ipò kìíní ò gbọdọ̀ máa na ọwọ́ sí àpò mi.

Ọ̀rọ̀ kẹta: ọ̀bọ Ṣáínà

Èyí máa yára. Black Myth: Wukong, ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ, Game Science ló ṣe é ní Ṣáínà. Ọjọ́ mẹ́ta péré, wọ́n ti ta mílíọ̀nù 10. Ìtàn ọ̀bọ alágbára tí àwọn Ṣáínà ti ń pa fún ọmọ wọn láti ayébáyé ni wọ́n fi ṣe é, ọ̀bọ tó lè para dà sí oríṣiríṣi nǹkan, tó ní ọ̀pá kan tó lè gùn tó lè kúrú. Nígbà tí mo rí i, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé Ìjàpá wa dà? Ta ló máa ṣe ti Ìjàpá fún wa, tí gbogbo ayé á máa fi páàdì darí ẹ̀?

Ó rẹwà. Tó o bá ti rà á, tó o sì ti gbé e sórí ẹ̀rọ ẹ, tìẹ ni, kò sẹ́ni tó máa pè ọ́ sórí server. Ìṣòro ibẹ̀ ni àtigbé e sórí ẹ̀rọ yẹn. 130 GB! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ra dátà ní Abẹ́òkúta, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan gbé láptọ́ọ̀pù lọ sí ibi iṣẹ́ àǹtí ẹ̀ torí Wi-Fi, ó ń wà á sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lálaalẹ́, àǹtí ń bi í pé iṣẹ́ wo lò ń ṣe tí kò tán yìí. Mo gbá a lọ́dọ̀ ẹ̀. Mo yìn ín, mo fi í sípò karùn-ún, ó tán.

Ọ̀rọ̀ kẹrin: tiwa ńkọ́?

Ìbéèrè tí àwọn èèyàn máa ń bi mí nìyí, pé ṣé kò sí tiwa ni? Ó wà. Maliyo Games, Èkó ni wọ́n wà, àwọn ló ṣe Iwájú: Rising Chef fún Disney ní ìparí oṣù Kejì, ìgbà kan náà tí eré àwòrán Iwájú jáde. Fóònù ni wọ́n ń gbá a, ọ̀fẹ́ ni, oúnjẹ Nàìjíríà lò ń sè fún oníbàárà. Àbúrò mi obìnrin fẹ́ràn ẹ̀ kọjá ààlà. Èmi ò fi bẹ́ẹ̀ rí tèmi sọ nípa ẹ̀, kì í ṣe irú géèmù tèmi, ṣùgbọ́n inú mi dùn pé ọmọ ilé wa ló ṣe é.

Èyí tí mo fẹ́ dúró lé lórí ni Tales of Kenzera: Zau. Ẹni mélòó ló ti gbọ́ orúkọ ẹ̀ níbí? Ẹ na ọwọ́ sókè. Háà, ẹ ò pọ̀. Ó dùn mí.

Ẹni tó ṣe é ni Abubakar Salim. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbá Assassin's Creed Origins, ohùn ẹ̀ lẹ gbọ́ lẹ́nu Bayek, akọni inú géèmù yẹn. Òṣèré ni, ọmọ Kẹ́ńyà tí wọ́n bí sí ìlú Òyìnbó. Bàbá ẹ̀ kú, ọ̀fọ̀ yẹn ò sì tán lára ẹ̀, ó wá dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Surgent Studios, ó fi ọ̀fọ̀ yẹn ṣe géèmù. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ló jáde, dọ́là 20. Ìtàn ibẹ̀ ni pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Zau, oníṣègùn ni, bàbá ẹ̀ kú, ó wá pe Kalunga tó jẹ́ òrìṣà ikú, ó ní kí wọ́n jọ dúnàádúrà. Tí òun bá lè mú ẹ̀mí ńlá mẹ́ta tó ń bá ikú lágídí wá fún un, kó dá bàbá òun padà. Ìbòjú méjì ló jogún, ti oòrùn àti ti òṣùpá, ti oòrùn ló fi ń jà ní ìtòsí, ti òṣùpá ló fi ń ta ohun ìjà láti òkèèrè, o sì lè máa pààrọ̀ wọn lójú ìjà bó o ṣe ń fò. Àwọn ìtàn àtijọ́ àwọn ẹ̀yà Bantu ló wà nínú ẹ̀, ẹyẹ tó ń sán ààrá wà ńbẹ̀, tó o bá sì fẹ́, o lè jẹ́ kí gbogbo wọn máa sọ Swahili láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ronú ẹ̀ wò, géèmù gidi tí wọ́n ń ti ẹnu sọ èdè aláwọ̀ dúdú nínú ẹ̀ títí dé ìparí.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ̀ nìyí. Igi osè máa ń wà lójú ọ̀nà, Zau lè jókòó sábẹ́ ẹ̀. Kò sí ìjà níbẹ̀, kò sí ohun tó ń lé e. Ó máa kàn jókòó, òun àti Kalunga á máa sọ̀rọ̀ bàbá ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan ládùúgbò wá ṣájì fóònù lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ kan tí mò ń gbá a, òun kì í gbá géèmù o, kì í tiẹ̀ fẹ́ràn ariwo ẹ̀, àmọ́ wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin bàbá tiẹ̀ ni. Mo débi igi yẹn, mo fẹ́ tẹ bọ́tìnì kí Zau dìde. Ó ní, "Fi í sílẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán." Mo fi í sílẹ̀. Fóònù ẹ̀ kún tipẹ́, kò lọ. Ó bi mí pé ṣé ó padà rí bàbá ẹ̀? Mi ò dá a lóhùn, mi ò sì ní sọ ọ́ fún ẹ̀yin náà, ẹ lọ gbá a.

Ṣé ó ní àlèébù? Ó ní. Ìjà ibẹ̀ máa ń dà bí ara wọn tó bá yá, kò sì gùn. Ọjà ò tà tó bó ṣe yẹ lójú tèmi, nígbà tó sì di oṣù Keje wọ́n ti ń dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró níbẹ̀. Ipò kẹta ló wà lọ́wọ́ mi, ọkàn mi ń jà pé kí n gbé e sókè sí i.

Ọ̀rọ̀ karùn-ún: Astro Bot

Ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá yìí, ní Los Angeles, wọ́n fún Astro Bot ní géèmù ọdún ní The Game Awards, ayẹyẹ tí wọ́n ti ń fún géèmù ní àmì-ẹ̀yẹ. Àwọn kan bínú, wọ́n ní géèmù ọmọdé. Ọmọdé kọ́? Ẹ gbé e wá kí n gbá a.

Team Asobi ní Tokyo ló ṣe é, Sony ló ni wọ́n. Rọ́bọ́ọ̀tì kékeré kan ni, ọkọ̀ òfuurufú ẹ̀ já lulẹ̀, àwọn rọ́bọ́ọ̀tì ẹgbẹ́ ẹ̀ tú ká, o máa wá 300 nínú wọn rí. PS5, ẹ̀rọ géèmù Sony, tí mo fi gbá a, ti ẹ̀gbọ́n mi ni, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n wà níbẹ̀ yẹn. Ohun tó ya mí lẹ́nu nínú ẹ̀ ni ọwọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ọwọ́. Páàdì yẹn ń sọ fún ọwọ́ ẹ ohun tí rọ́bọ́ọ̀tì yẹn ń tẹ̀ lórí: tó bá rìn lórí iyanrìn ọ̀tọ̀, lórí irin ọ̀tọ̀, tí òjò bá ń rọ̀ o máa gbọ́ ọ ní àtẹ́lẹwọ́. Ipele kan wà tó máa di bíńtín bí eku, o tẹ bọ́tìnì, òdòdó tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ fi orí kàn di igi ìrókò níwájú ẹ. Wọ́n ṣe agbára yẹn, wọ́n lò ó díẹ̀, wọ́n kó o kúrò kó tó sú ẹ, wọ́n gbé òmíràn wá. Mo fẹ́ràn ẹni tó mọ ìgbà tó yẹ kí òun dákẹ́.

Kò béèrè íntánẹ́ẹ̀tì kó tó jẹ́ kó o gbá a. Kò ta aṣọ fún ẹ. Tó o bá kú, o fún ẹni ẹ̀gbẹ́ ẹ ní páàdì, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn nílé ẹ̀gbọ́n mi, àti bàbá àtọmọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun kan fún yín tó jẹ́ pé mo ń rẹ́rìn-ín ẹ̀ títí dòní. Ọjọ́ wo ni Astro Bot jáde? Ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án. Ọjọ́ wo ni mo sọ pé wọ́n pa Concord? (Àwọn èèyàn dáhùn.) Ẹ ṣeun! Ọjọ́ kan náà! Sony kan náà! Wọ́n ń fi ọwọ́ òsì pa ọ̀kan, wọ́n ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbé èkejì jáde. Ipò kejì.

Ọ̀rọ̀ kẹfà, èyí tó gbẹ̀yìn: Balatro

Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹnì kan ṣoṣo ló jókòó ṣe géèmù yìí, ará Kánádà, kò jẹ́ kí ayé mọ orúkọ ẹ̀ gan-an, LocalThunk ló ń pe ara ẹ̀. Ìgbádùn ara ẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ọjọ́ 20 oṣù Kejì ló jáde, kó tó pé oṣù kan ó ti ta ju mílíọ̀nù kan. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ló dé orí fóònù, bẹ́ẹ̀ ni Abẹ́òkúta ṣe bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀. Lórí Steam, 150 MB ló ní kó o fi sílẹ̀ fún òun. Ẹ fi ìyẹn wé 130 GB ọ̀bọ Ṣáínà.

Káàdì ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Whot, ẹ ti mọ ìdajì ẹ̀: káàdì mẹ́jọ lọ́wọ́ ẹ, o ń wá èyí tó bá ara wọn mu. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó o fẹ́ nà, iye kan ni wọ́n ní kó o pé. Ẹ jẹ́ kí n ṣe é lójú yín. Wọ́n ní kó o pé 300. O wá rí káàdì márùn-ún tí gbogbo wọn jẹ́ ọkàn pupa: kíǹgì, 10, 7, 4, 2. Wọ́n ń pe ìyẹn ní flush, 35 ló fi ń bẹ̀rẹ̀, ìlọ́po mẹ́rin. Kíǹgì jẹ́ 10, o ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, 33, fi kún 35, ó di 68. Ìlọ́po mẹ́rin 68, 272. Kò pé! Ó ku 28. Ṣùgbọ́n tó o bá ti ra Joker kan ní ṣọ́ọ̀bù tẹ́lẹ̀, èyí tó kéré jù nínú wọn, tó ń fi mẹ́rin kún ìlọ́po, ìlọ́po mẹ́rin á di mẹ́jọ. 68 lọ́nà mẹ́jọ, 544. O ti kọjá ẹ̀ fíofío. Joker 150 ló wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ìwà tiẹ̀, wọ́n sì ń bá ara wọn ṣiṣẹ́, o máa bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé èyí ń ti ìyẹn, ìyẹn ń fa èyí, torí nígbà tó o bá fi máa dé ipele kẹjọ, ọ̀gá tó wà níbẹ̀ 100,000 ló ń béèrè. Mọ̀mí, ohun tó ń gba oorun lójú ọmọ yín nìyẹn o. Ìṣirò ni. (Ẹ̀rín.)

Mo gbọ́ ohun tí Mọ̀mí ń sọ lẹ́nu kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ yẹn. Wọ́n ní tẹ́tẹ́ ni. Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin nìkan kọ́. PEGI, àwọn tó ń fi ọjọ́ orí sára géèmù ní Yúróòpù, wọ́n fi 18 sára Balatro lọ́dún 2024 yìí torí pé káàdì pókà ló wà nínú ẹ̀. FC 25 ńkọ́, tí wọ́n ti ń ta páàkì aláìmọ̀nú fún ọmọ èèyàn? Ẹ rántí pé mo ní mo ń padà bọ̀. 3 ni wọ́n fi sí i. Ọmọ ọdún mẹ́ta! LocalThunk gan-an pariwo ẹ̀ síta lóṣù yìí. Nínú Balatro, tó o bá ti rà á, kò sí ibì kankan tó o ti tún lè fi owó gidi sí i. Kò sí ìpolówó ọjà. Kò ní kó o tan dátà. Owó tó o ń ná ní ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀, owó inú eré ni, o ò lè rà á, o ò lè tà á. Èwo ni tẹ́tẹ́ nínú méjèèjì? Ẹ fi ojú yín wò ó. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọjá ní Panseke láàárọ̀ yìí rí iye ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ tó wà lójú títì, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí.

Torí náà lèmi ṣe fi Balatro sípò kìíní. Mo máa ń ta á nínú mọ́tò láti Kútọ̀ lọ sí Èkó, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á lọ, á dé, kò kàn án. Ìyá kan tó jókòó ti mí lọ́jọ́ kan wò mí títí, ó ní "Ọmọ mi, kí ló dé tó o fi ju kíǹgì nù?" Mo ṣàlàyé. Nígbà tá a fi máa dé Èkó, ìyá ló ń sọ èyí tí mo máa jù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lónìí, ohun kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ mú lọ: ẹ má ná gbogbo owó yín ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́. Bí dọ́là márùn-ún márùn-ún bá ṣe wà lọ́wọ́ yín ni wọ́n á máa fún yín ní èlé dọ́là kan kan ní ìparí ìpele, títí dé orí dọ́là márùn-ún, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ sáré kó 25 jọ, kẹ́ ẹ tó máa ra Joker olówó ńlá. Ọ̀pọ̀ tó ń sọ pé ó le, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣubú.

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ gbọ́ mi. Mo ti rí ọwọ́ mẹ́ta lókè, ẹni tó wọ àdìrẹ yẹn ló kọ́kọ́ nà á. Ẹ gbé máìkì fún un. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé torí mi ò dárúkọ Call of Duty ni, ẹ gba máìkì yẹn lọ́wọ́ ẹ̀.